Ọ̀bẹ Tó Wà Nísàlẹ̀ Lísìtì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi lísìtì ẹrù ìdána yẹn ránṣẹ́ sí Moṣọpẹ́ ìyàwó mi lórí WhatsApp ni mo ti sọ fún un pé ìranù ni. Iṣu méjìlélógójì. Ta ló fẹ́ jẹ iṣu méjìlélógójì ní Longbridge, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí? Nígbà tí Godswill, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ń fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbẹ̀, mo sì fọwọ́ gbé ọ̀kan nínú iṣu tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì síwájú gbogbo èèyàn. Iṣu fò sókè lọ́wọ́ mi. Rọ́bà ni! Obìnrin kan ní Heathway ló ń fi iṣu rọ́bà háyà fún wọn, pẹ̀lú oyin inú ìgò tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí, àti agbọ̀n èso tí ápù inú rẹ̀ kò tíì jẹrà láti ọdún mẹ́ta. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní àṣà nìyẹn, tí àwọn àgbàlagbà ń jókòó tì, tí wọ́n ń mi orí.

Nígbà tó wá kan Ìmísí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, mo tẹ lísìtì náà jáde sórí bébà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo mú báírò, mo sì kọ ọ̀rọ̀ yìí kún un lábẹ́ gbogbo rẹ̀: "Ọ̀bẹ kan, tí kì í ká, tó ṣeé fi ṣe gbogbo iṣẹ́ nínú igbó. Kí ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ lọ yàn án. A kò ní mú ọjọ́ títí a ó fi rí i."

Moṣọpẹ́ kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ọ̀bẹ? Nínú ẹrù ìyàwó? Bàbá Ìmísí, pastor máa rí lísìtì yìí o. Wọ́n á ní a fẹ́ bọ Ògún."

"Ṣé pastor kì í jẹ ẹran ni? Kí ni wọ́n rò pé ó gé e?"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò jọ̀ọ́."

Mi ò yọ ọ́. Ẹni tó bá rò pé eré ni mò ń ṣe kò mọ̀ mí. Kí n tó wá sí ìlú yìí, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe aṣọ́gbó ìjọba nínú igbó kan lọ́nà Ìjẹ̀bú, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló sì wà ní ìbàdí mi fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ni mo fi ń gé okùn, òun ni mo fi ń la igi ìdáná, òun ni mo fi ń bó ẹran ìgbẹ́, òun náà ni mo fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo sì ti ń tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe ní gáréèjì ní Barking níbí. Mo mọ irin. Mo sì mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ yan ohun kan ṣoṣo tí yóò mú wọ ibi tí kò ti sí ṣọ́ọ̀bù, ibi tí kò ti sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ìgbà yẹn la ó mọ̀ bóyá ó ní ọgbọ́n lórí. Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Èyí tí mi ò sọ ni pé Ìmísí kì í sùn sílé mọ́. Mìdé, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti gba fúláàtì kan ní Beam Park, níbi tí gbogbo ilé ti jọra wọn tó fi jẹ́ pé mo tẹ aago ilẹ̀kùn ẹlòmíràn nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọmọ mi ń wá wò wá, lẹ́yìn ìsìn. Tó bá sì dé, "àwa" ni, "àwa" ni: àwa kì í jẹ ata tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, àwa fẹ́ ra sófà. Ó máa ń dùn mí. Mo máa ń jẹ ìrẹsì mi lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Mìdé. Lewisham ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nínú ilé pẹ̀lú sìlípáàsì lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé tí mo bá ní kó ṣàlàyé rẹ̀, yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyàwó mi lọ. Ó máa ń gbé òdòdó wá fún Moṣọpẹ́, ó sì máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó sọ fún un. Tó bá dọ̀bálẹ̀, ẹ ó rò pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló bọ́ sábẹ́ àga tó ń wá a. Kò sí ìwà burúkú kan tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀, èyí gan-an ló ń bí mi nínú.

Mo ṣe òfin kan fún un. Inú páálí ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà, inú búùtù ọkọ̀ ni páálí gbọ́dọ̀ wà, ẹnu ọ̀nà wa ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Àdúgbò tí wọ́n ti gbé àpótí irin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí àwọn èèyàn lè máa ju ọ̀bẹ wọn sínú rẹ̀ la wà, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi ọ̀bẹ ṣeré lójú pópó.

Nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ wá. Olúṣínà, àbúrò bàbá Mìdé, ló ṣíwájú rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú agbádá àti gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ, bí ẹni tó wá tọrọ ilẹ̀.

"Bàbá wa, ọmọ yín ti ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe o. He did his research."

Wọ́n ṣí páálí. Ọ̀bẹ náà gùn láti ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Wọ́n gbẹ́ eyín ayùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí èkù rẹ̀ ní ìdérí tó ń yí, kọ́ńpáàsì sì wà lórí ìdérí náà. Nígbà tí mo yí i kúrò, inú èkù ṣófo, wọ́n sì kó ìṣáná mẹ́ta, ìwọ̀ ẹja kan àti òwú díẹ̀ sínú rẹ̀. Ó jẹ́ irú ohun tí ọkùnrin onífíìmù kan máa ń fà yọ tó bá fẹ́ pa ogún èèyàn láàárín ìṣẹ́jú kan.

"All in one, sà," ni Olúṣínà wí.

"Ó ní four point eight stars, Daddy," ni Mìdé wí.

"Ta ló fún un ní ìràwọ̀?"

"Àwọn tó rà á, sà."

"Ṣé wọ́n ti wọ igbó rí?"

Mo ní kí gbogbo wa jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé ìtì igi kékeré kan dúró, mo gbé ojú ọ̀bẹ náà lé e lórí, mo sì fi kóńdó igi lu ẹ̀yìn rẹ̀, bí a ṣe máa ń la igi tí a ò bá ní àáké. Lílù kẹta ni irin yọ kúrò. Ó fò lọ bá fẹ́ńsì, èkù ṣófo yẹn ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Kọ́ńpáàsì ti jábọ́ sórí koríko, ó ń tọ́ka sí ilé ìdáná Moṣọpẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni àríwá.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe kékeré. Mo pe Moṣọpẹ́ kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Olúṣínà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ agbádá bo ẹnu. Mìdé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìṣáná rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú koríko.

"Lọ mú òmíràn wá," ni mo sọ fún un.

Èkejì dé lẹ́yìn Kérésì. Ìmísí tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ náà, ó ti wọ aṣọ tó dáa, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ yẹn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Páálí onígi ni wọ́n gbé e sí, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sínú rẹ̀. Irin rẹ̀ ní ìlà yíyí kiri bí omi tí òkúta bọ́ sí. Ìwo àgbọ̀nrín ni èkù rẹ̀, wọ́n sì fi idẹ dè é lórí àti nídìí. Wọ́n tún wá fín orúkọ mi sí i lára: DADDY AKINREMI. Kò sí àmì ohùn kankan.

"Handmade ni o, Daddy," ni Ìmísí wí. "Six weeks ni Mìdé fi dúró dè é. Ẹ wò ó, it's so beautiful."

"Ó rẹwà," ni mo wí. "Kí la máa fi gé? Àkàrà òyìnbó?"

Mo gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ omi. Mo da òróró díẹ̀ lé èkù ìwo yẹn, mo da omi lé òróró, nítorí pé bí ọwọ́ èèyàn ṣe máa ń rí nínú igbó nìyẹn tó bá ti bó ẹran. Mo na okùn líle kan, mo ní kí Mìdé gé e. Ó dì í mú. Ó fà á. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ láti orí èkù bọ́ síwájú, díẹ̀ ló kù kí ìka mẹ́rin bọ́ sójú irin.

"Daddy!" Ìmísí pariwo, ó já ọ̀bẹ náà gbà.

"Inú igbó kò mọ handmade," ni mo wí. "Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn àfi èmi. Nígbà tí Mìdé lọ fọ ọwọ́, Ìmísí bá mi nínú ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Daddy, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ nìkan?"

"Ohun tí mo kọ nìyẹn."

Ó wò mí títí. Ojú ìyá rẹ̀ ló ní, ojú tí kì í yára ṣẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ bá ọkùnrin rẹ̀. Wọ́n gbàgbé ọ̀bẹ náà sórí tábìlì, tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, mi ò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì Moṣọpẹ́ fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi aṣọ ìnura wé ìwé ìròyìn, ó ní kí n wa òun lọ, ó sì jù ú sínú àpótí irin ẹ̀bá títì pẹ̀lú orúkọ mi lára rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí pastor wá sílé kó bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Mìdé gbé ẹ̀kẹta wá, òun nìkan ló wá, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ nínú oṣù kejì. Kò sí àbúrò bàbá, kò sí òdòdó. Ọ̀bẹ náà dúdú láti orí dé ìdí, wọ́n kun ún bí ìkòkò, ó sì nípọn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ní òótọ́, ó ti gbọ́n díẹ̀. Irin rẹ̀ ti orí dé ìdí èkù láìjá, ibi tí ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ gan-an. Ó ti lọ ronú nípa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rí i. Mi ò sọ fún un pé mo rí i.

Ápù kan ni mo mú fún un. Mo ní kó bó èèpo rẹ̀.

Ó gbìyànjú. Ẹ wo ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, tí wọ́n ń sanwó fún kó máa ronú, tó jókòó sílé ìdáná mi tó ń fi ohun tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ bá ápù jà. Kò bó. Ó ń là ni. Ìdajì bọ́ sílẹ̀, ìdajì fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Nǹkan yìí," ni mo wí, "la fi ń ṣí táyà bọ́ọ̀sì ní gáréèjì."

Mìdé gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, lórí táìlì tútù yẹn, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n. I'm not going to lie to you. Mi ò wọ igbó rí láyé mi. Bàbá mi ò fi hàn mí, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo kà lórí ínítánẹ́ẹ̀tì, they all contradict each other. Ẹ kọ́ mi. Ẹ sọ ohun tí mo máa wò fún mi. Tàbí ká jọ lọ, èmi àti ẹ̀yin, any Saturday."

Gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi. Ǹ bá sọ fún un pé kó wá èyí tí gígùn irin rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ púpọ̀, nítorí ọ̀bẹ gígùn kò ṣeé fi gbẹ́ nǹkan kéékèèké. Pé kí irin náà dé ìdí, èyí tó ti mọ̀. Kó má nípọn jù, kó má tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kí èkù rẹ̀ kún ọwọ́ láàárín, kó má sì yọ̀ nínú òjò. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, kó lè gba lílù. Kí àkọ̀ rẹ̀ dì í mú gírígírí bí a bá dorí rẹ̀ kodò. Ǹ bá sọ fún un pé irin tó ń dógùn-ún máa ń rọrùn láti pọ́n, èyí tí kì í dógùn-ún sì máa ń fẹ́ sùúrù lórí òkúta, kó mú èyí tó bá ìwà rẹ̀ mu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ká tiẹ̀ sọ pé mo mu tíì sí i.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kígbe pe ìyàwó mi.

"Ìyá Ìmísí! Wá gbọ́ o! Ó fẹ́ ṣe ìdánwò, ó ní kí tíṣà bá òun kọ ọ́!"

Mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Moṣọpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Mìdé náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń rín tí wọ́n bá ti tẹ ẹsẹ̀ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ó dìde. Ó kó ọ̀bẹ rẹ̀ sínú páálí. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ gan-an, ó sì lọ.

Moṣọpẹ́ ṣa ápù tó wà nílẹ̀.

"Bàbá Ìmísí," ni ó wí, kò gbójú sókè, "ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìmísí. Ohun yòówù tí ẹ ń wá lára ọ̀bẹ yẹn, ẹ tètè rí i."

"Ó máa padà wá. Ọ̀dọ̀ mi ni lísìtì wà."

Oṣù kẹta lọ. Oṣù kẹrin lọ. Kò padà wá. Ìmísí náà kò wá mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ ló ń pè lórí fóònù, tí mo bá sì wọlé, wọn á yí ọ̀rọ̀ sí ojú ọjọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọkùnrin yẹn ń wá ọ̀bẹ kiri ni. Ní gáréèjì, mo sọ ìtàn kọ́ńpáàsì fún Kàsímù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo fi ara ṣe é fún un, bí irin ṣe fò àti bí wọ́n ṣe ń ṣa ìṣáná. Kàsímù ti fa ọmọbìnrin mẹ́ta fọ́kọ. Ó gbọ́ ọ parí, ó ń nu ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ò ṣe dáadáa, Akínrẹ̀mí," ni gbogbo ohun tó sọ. Mo ní òun náà ò mọ ọ̀bẹ.

Ilé dákẹ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́: ilé dákẹ́ débi pé mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ nínú yàrá tí mi ò sí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, mo bá Moṣọpẹ́ tó ń wé gèlè níwájú dígí ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Mo bi í pé ibo ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń ṣe ìdúpẹ́. Mo ní àwọn obìnrin tó ń fi Ọjọ́bọ̀ wé gèlè kò níṣẹ́ ṣe, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ni Ìmísí àti Mìdé dé. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Mo rí ọkọ̀ Mìdé láti ojú fèrèsé, ọkàn mi sì fò sókè, mi ò ní purọ́. Mo tètè jókòó, mo gbé ìwé ìròyìn sójú, kí wọ́n má baà rò pé mò ń retí wọn. Ìmísí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàsán, Daddy," ó sì gun òkè lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú bàtà òjò òun nínú yàrá òun àtijọ́. Mìdé dọ̀bálẹ̀, ó gbé báàgì ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ ti ọkọ̀ òun.

Ẹnu báàgì náà ṣí sílẹ̀. Mo rí i. Àkọ̀ aláwọ kan, tí orí èkù igi yọ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó ti mú un wá. Mo mọ̀ pé ó máa mú un wá! Mi ò dúró kó gbé e fún mi. Mo dìde, mo fà á yọ.

Mo kọ́kọ́ dorí àkọ̀ rẹ̀ kodò, mo mì í. Kò mira. Mo fa ọ̀bẹ náà jáde, mo gbé irin rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ mi: ó fi díẹ̀ kọjá ìbú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nípọn tó kọ́ìn pọ́n-ùn kan. Mo yí i ní ẹ̀gbẹ́, mo rí irin tó gba àárín igi èkù kọjá láti òkè dé ìdí. Èkù náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, igi lásán ni, ó sanra láàárín, ó jókòó sí mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, etí ẹ̀yìn náà sì mú tó láti fá èèpo igi. Kò sí eyín ayùn, kò sí kọ́ńpáàsì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fi irun apá mi dán an wò, irun lọ.

Kì í sì í ṣe tuntun. Èéfín iná ti kun ún níbì kan. Mo rí ibi tí wọ́n ti pọ́n ọn. Nítòsí ẹnu rẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ pọ́n ọn wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ó tọ́, lẹ́yìn náà ó dán. Ó ti ń lò ó. Ó ti ń fi í kọ́ṣẹ́.

Mìdé ti wọlé. Ó dúró, ó rí i lọ́wọ́ mi, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ òsì, àpá funfun kan gba ibẹ̀ kọjá.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni mo bi í.

"Bàbá òyìnbó kan ni, sà. Ní Epping Forest. Ó máa ń kọ́ àwọn èèyàn every Saturday."

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Mo kàn lọ bi í ni, sà. Ó sì sọ fún mi."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, kò fi gún mi. Ó gún mi. Àmọ́ inú mi dùn ju bó ṣe gún mi lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ojú mi ṣe. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lewisham, ọlọ́wọ́ rírọ̀ yìí, ó ti lọ jókòó sínú òjò pẹ̀lú àjèjì títí ó fi mọ ohun tí mo mọ̀. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo kígbe dípò bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ìmísí! Gbé lísìtì yẹn wá! Gbé kàlẹ́ńdà wá! Ó ti yege! Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́!"

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Moṣọpẹ́ dúró sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó di igi rẹ̀ mú. Ìmísí gbé bàtà òjò rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá, ó sì mú ọwọ́ mi tí kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́ kan òrùka náà kí n tó rí i.

"Daddy, a ti ṣe é."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Thursday, two weeks ago. Ní Town Hall. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, Uncle Ṣínà àti Mummy. Ẹ má bínú. We were going to tell you today, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu tíì."

Mo wo Moṣọpẹ́. Gèlè Ọjọ́bọ̀.

"Ìwọ náà?"

"Ṣé kí n pè yín kí ẹ wá dán báírò tí wọ́n fẹ́ fi buwọ́ lùwé wò ni?" Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó. Mo lọ."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kankan. Mo wá a. Mo ti ní in fún gbogbo èèyàn láti ọdún mélòó, mi ò sì rí ẹyọ kan. Mo gbé ọ̀bẹ náà sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí hàn.

"Èyí ńkọ́? Ṣebí ó mú un wá."

Mìdé sún mọ́ mi. Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti le báyìí.

"Ẹ má bínú, Daddy. Kì í ṣe ti lísìtì. Ti èmi àti Ìmísí ni. Scotland la ń lọ lọ́la, a fẹ́ pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan."

Mo yíjú sí fèrèsé, mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo ibi tí igi èkù ti pàdé irin, mo fi èékánná wá a bóyá àyè kan wà níbẹ̀. Wọ́n dúró tì mí, kò sí ẹni tó kán mi lójú. Àléébù kan ṣoṣo ni mò ń wá, ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ.

Kò sí. Mo dì í mú níbi irin, mo sì na èkù rẹ̀ sí Mìdé.